Kónílé-ó-gbélé: Ta Ni Onílé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa á láì ronú sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba sì ní kí tọmọdé tàgbà wọlé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kò sí ẹni tí kò rí ìtumọ̀ òwe náà kedere. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa ni Idu, ní Àbújá, olú-ìlú ilẹ̀ wa.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á tú orúkọ tí Yorùbá fún òfin náà wò. Kónílé-ó-gbélé ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ yìí ti wà tipẹ́ kí kòrónà tó dé. Òun ni a ń lò nígbàkígbà tí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀ tí ìjọba sì fi òfin de ìrìn. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ẹni tí ó ní ilé gbé inú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí a ń bá wí ní ilé, àti pé ohun tí yóò jẹ wà nínú ilé náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi gba òfin náà tọwọ́tẹsẹ̀, tí àwọn mìíràn sì kọ̀ ọ́, ìbéèrè kan ni kí ó kọ́kọ́ dáhùn: ta ni onílé?

Idu wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú Àbújá, nítòsí Karmo. Jabi àti Gwarinpa kò sì jìnnà sí i. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, àwọn tí obìnrin wọn ń fi èjìká ru ẹrù dípò orí. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe Àbújá ní olú-ìlú. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fi òfin dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976, tí ìjọba sì kó kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, onírúurú ẹ̀yà ni ó wá bá wọn gbé. Ìjọba ya Idu sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ìkẹ́rùsí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí a mọ̀ sí NIPRD. Ní oṣù Keje ọdún 2016, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìrìn bíi kìlómítà 186. Idu ni ibùdókọ̀ rẹ̀ pàtàkì.

Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń dúró, ibẹ̀ ni ọjà ń hù sí. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dé irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ni ó mọ ìyá olóúnjẹ tí ń dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún awakọ̀, fún èrò àti fún alábàárù. Òwò àná ni ó fi ń ra ìrẹsì òní. Èrè òní ni yóò fi ra epo ọ̀la. Kò ní àká, kò ní ẹ̀rọ amómitutù, kò sì ní owó oṣù. Yàrá kan ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí nínú ilé tí ìdílé mẹ́fà tàbí méje ti ń lo ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo. Òru nìkan ni ó ń gbé inú yàrá náà. Bí oòrùn bá ti yọ, ìgboro ni ilé rẹ̀, níbi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí á fi irú ìyá yìí sọ́kàn bí a ti ń ka ìtàn náà lọ.

Ní 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Èkó. Ní 11 oṣù Kẹta, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn káríayé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ní 23 oṣù Kẹta, àjọ ọkọ̀ ojú irin dá ọkọ̀ akérò dúró, ariwo fèrè ọkọ̀ sì dákẹ́ ní Idu. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kéde ikú ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn náà pa ní Nàìjíríà, ní Àbújá. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá ìlú sọ̀rọ̀. Ó ní ènìyàn 97 ni a ti rí àrùn náà lára wọn. Ó pàṣẹ pé láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ kejì, kí Èkó, Ògùn àti Àbújá di títì fún ọjọ́ 14. Àwọn oníṣègùn, àwọn olóúnjẹ, àwọn oníná mànàmáná àti àwọn elépo ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà.

Báwo ni àwọn ènìyàn ṣe gbà á? Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbà á pọ̀. Àwọn tí wọ́n lówó lọ́wọ́ sáré lọ sí ọjà, wọ́n ra ìrẹsì lápò lápò, wọ́n ra gààrí àti ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúpẹ́ pé ìjọba tètè gbégbèésẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ ohun tí àrùn náà ń ṣe ní Ítálì àti ní Ṣáínà. Àwọn mìíràn wí pé àrùn olówó ni, pé àwọn tí ń wọ bàálù ni ó wà fún, kò kan mẹ̀kúnnù. Èrò yìí kò dára, nítorí òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Síbẹ̀, a lè mọ ibi tí èrò náà ti wá. Orúkọ àwọn tí ìlú ń gbọ́ nígbà náà pé àrùn mú, orúkọ ènìyàn ńlá ni wọ́n: gómìnà, òṣìṣẹ́ àgbà nínú ìjọba, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ìyá olóúnjẹ kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ebi ni òun mọ̀, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìjọba náà mọ̀ pé ebi ń bẹ. Ní 1 oṣù Kẹrin, Sadiya Umar Farouq, tí ó jẹ́ mínísítà tí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó fún àwọn tálákà ní Kwali, ní agbègbè Àbújá kan náà. Ẹgbẹ̀rún 20 náírà ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó oṣù mẹ́rin lápapọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kéde pé wọn yóò tún wá àwọn tálákà mìíràn láàrin ìlú, àti pé ọ̀nà kan tí wọn yóò fi mọ̀ wọ́n ni pé káàdì ìpè tí kò ju 100 náírà lọ ni wọ́n ń rà sórí fóònù wọn. Ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó sì dun àwọn mìíràn. Wọ́n ní ẹni tí kò ní fóònù rárá ńkọ́? Ẹni tí ó yáwó ra káàdì 200 náírà láti fi wá oníbàárà rẹ̀ ńkọ́? Oúnjẹ ìrànwọ́ náà dé àwọn àdúgbò kan, kò dé àwọn mìíràn. Ibi tí ó dé, ó kéré. Kí a sòótọ́, kò sí ìjọba tí ó rọrùn fún láti bọ́ ìlú tó báyẹn lójijì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá olóúnjẹ rí kò ju èyí lọ: ọjọ́ kan péré ni òfin fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oúnjẹ sì wà lójú ọ̀nà títí ọjọ́ 14 fi pé. Ní 13 oṣù Kẹrin, Ààrẹ fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un.

Ní Èkó àti Ògùn, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ebi náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nínú oṣù Kẹrin yìí, ìbẹ̀rù àwọn jàǹdùkú mú kí àwọn ará àdúgbò bí Agége máa fi òru ṣọ́nà. Wọ́n sun táyà sí oríta, wọ́n sì mú àdá àti igi dání. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: òfin tí ó ní kí onílé gbélé ni ó sọ onílé di ẹni tí ń sùn níta.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò dákẹ́. Bí Ààrẹ ti sọ̀rọ̀ tán, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn agbẹjọ́rò kan bèèrè bóyá òfin orílẹ̀-èdè fún un ní agbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìjọba dáhùn pé agbára wà, wọ́n sì gbé ìlànà tuntun kalẹ̀ lórí òfin àtijọ́ kan tí ó wà fún ìyàsọ́tọ̀ aláìsàn. Ọdún 1926, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso wa, ni wọ́n ti ṣe òfin náà. Àwọn kan rò pé àríyànjiyàn lásán ni èyí ní àkókò ewu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán. Ẹni tí a bá fẹ́ dè ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè irú okùn tí a fi ń de òun, àti ẹni tí ó ni okùn náà.

Ohun tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ìbéèrè náà tọ́. Àwọn ọlọ́pàá àti ṣọ́jà jáde sí ojú títì. Ní Àbújá, kóòtù alágbèéká ń jókòó ní ìta gbangba, wọ́n sì ń dá ẹjọ́ àwọn tí wọ́n bá mú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́. Ní àárín oṣù Kẹrin, àjọ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, kéde pé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀sùn 105 ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò ti pa ènìyàn 18. Nígbà náà, iye àwọn tí ìjọba kà pé àrùn kòrónà pa ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 12. Kò sí olùkọ́ ìṣirò tí ó lè ṣàlàyé ìyọkúrò yẹn fún ọmọ ilé ìwé kí ojú má tì í.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìsìnkú kan dé. Ní 17 oṣù Kẹrin, Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ, kú nínú àrùn náà. Ikú rẹ̀ jẹ́ àdánù fún ẹbí rẹ̀ àti fún ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sin ín ní ọjọ́ kejì ní itẹ́ òkú Gudu ní Àbújá, gbogbo ayé rí àwòrán èrò tí ó pé jọ, tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn ènìyàn ńlá wà láàrin wọn. Ní ìlú tí kóòtù alágbèéká ti ń dá ẹjọ́ ẹni tí ó jáde láti ta tòmátì, kò sí kóòtù tí ó dé Gudu lọ́jọ́ náà. Boss Mustapha, tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lórí àrùn náà, jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà níbẹ̀. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ dára, ó sì yẹ kí a yìn ín. Àmọ́ ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ojú rí ní Gudu ti pa ohun tí wọ́n fi etí gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá rẹ́.

Nígbà tí ìgbẹ́kẹ̀lé bá sì ti lọ báyẹn, irọ́ ni yóò gba ipò rẹ̀. Láti oṣù Kẹta ni àwọn kan ti ń gbé oògùn ibà tí a ń pè ní kòlórókúìnì mì láì bi dókítà, nítorí pé Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Donald Trump, yìn ín. Májèlé rẹ̀ sì gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn ní Èkó. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, àgbo láti Madagásíkà ni gbogbo ẹnu ń sọ. Idu ni wọ́n gbé àgbo náà wá fún àyẹ̀wò, sí ilé iṣẹ́ NIPRD. Àwọn onímọ̀ níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì rí i pé ó ń wo kòrónà. Ẹ kíyè sí i: àgbo tí ìjọba kan ń gbé gẹ̀gẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ràn, ni wọ́n fi sùúrù yẹ̀ wò, tí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń tún ìgbẹ́kẹ̀lé kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pariwo.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ilẹ̀ wa yóò rí irú nǹkan báyìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ó sì gbé ọ̀fìnkìn olóró tí ó ń jà káàkiri ayé nígbà náà wọ̀lú. Àwọn wolé-wolé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn. Ẹ̀rù ba àwọn ará Èkó, wọ́n sì sá. Ojú irin tí ó ti dé Kánò láti ọdún 1912 wà nílẹ̀. Àwọn kan wọ ọkọ̀, wọ́n sì gbé àrùn náà dání lọ sí ìlú òkè. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà nínú oṣù díẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù, nígbà tí gbogbo wa kò tíì ju mílíọ̀nù 18 lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yẹn. Èkíní ni pé ojú irin a máa gbé àrùn rìn. Ìjọba kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní 2020, ìdí nìyí tí Idu fi dákẹ́ láti oṣù Kẹta títí di 29 oṣù Keje. Kí a má purọ́, ó ṣeé ṣe kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀gàn san án. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ènìyàn a máa sá fún ẹni tí ó bá ń lé e, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń lé e láti gbà á là. Èyí ni a kò tíì kọ́. Ohun tí wolé-wolé ṣe ní 1918 ni ṣọ́jà ṣe ní 2020. Ìbẹ̀rù sì so èso kan náà. Àwọn ènìyàn wá ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n fi òru rin ìrìn àjò, wọ́n sùn sínú ọkọ̀ tí ń kó màlúù àti oúnjẹ, wọ́n sì fi àìsàn wọn pamọ́.

Ní 4 oṣù Karùn-ún, òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa jáde lọ́sàn-án, kí wọ́n fi ìbomú bo imú àti ẹnu, kí wọ́n sì wọlé láti aago 8 alẹ́ di aago 6 òwúrọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin padà sẹ́nu iṣẹ́, ìdajì èrò ni ó ń gbé, owó rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Ìyá olóúnjẹ lè padà sídìí ààrò rẹ̀, ṣùgbọ́n owó òwò ti wọ inú ikùn lọ. Ìdajì oníbàárà ni ó kù láti bá a ra ìrẹsì tí ó ti gbówó lórí.

Ìtàn náà kò sì tíì tán. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza ní Èkó, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Ìlú mìíràn tẹ̀lé e; ní Gwagwalada ní Àbújá, wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí ìjọba. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé pípín ni àwọn ṣì ń pín in lọ́wọ́, àti pé àwọn tọ́jú díẹ̀ de ìgbà tí àrùn náà bá tún jà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Olè jíjà kò sì dára, a kò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àlàyé tí ó bá dé lẹ́yìn ebi oṣù méje, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ìlú kékeré. Olùkọ́ tí ó bá pàṣẹ pé kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, tí kò bèèrè bóyá ọmọ náà jẹun wá, yóò na ẹgba títí apá rẹ̀ yóò fi rọ. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ má pẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ ń dé lẹ́yìn agogo, òun gan-an ni ó ń kọ́ wọn ní ìwà pípẹ́. Ẹni tí kò gbédè ẹga ni í sọ pé ẹga ń pàtótó ẹnu. Nígbà tí àwọn ará Idu ń kùn, tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀, àwọn kan ní òpè ni wọ́n, alágídí ni wọ́n. Bí a bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n ń bèèrè: kí ni a ó jẹ? Ta ni ó fún yín láṣẹ? Ṣé òfin yìí dè ẹ̀yin náà?

Àrùn mìíràn lè dé lọ́jọ́ kan; kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Bí ó bá sì dé, ó lè di dandan kí a tún ti ìlú pa. Nígbà náà, kí àwọn aláṣẹ rántí pé ènìyàn kì í di onílé nítorí pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Oúnjẹ inú ìkòkò ni í sọ yàrá di ilé, ìgbẹ́kẹ̀lé sì ni àgádágodo tí kò nílò ṣọ́jà lẹ́nu ọ̀nà. Kí a kọ́kọ́ sọ ìyá olóúnjẹ Idu di onílé. Lẹ́yìn náà, bí a bá ní kí ó gbélé, yóò gbélé.